Onígbèsè Kì Í Ṣe Olè

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú kan, bí a ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, fóònù ọ̀kan nínú wa dún. Kò pẹ́, ti ẹnì kejì dún. Kò pẹ́, ti ẹnì kẹta náà dún. Iṣẹ́ kan náà ló wọlé sínú fóònù àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwòrán obìnrin kan ni, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ sí abẹ́ rẹ̀.

Ọmọkùnrin fọganáísà kan wà ní kíláàsì wa. Ó dìde, ó kà á sókè fún wa. Ohun tí wọ́n kọ nìyí:

"Ẹ ṣọ́ra o! Obìnrin yìí, olè ni, gbájúẹ̀ ni. Ó ti gbé owó wa sá lọ. Ẹni tó bá rí i kó pe nọ́ńbà yìí. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ẹ bá mọ̀."

Ó kà á geere. Kò ṣi ọ̀rọ̀ kan pè. Ẹ jẹ́ ká sọ fún yín pé ní oṣù mẹ́rin ṣáájú ọjọ́ náà, ọmọkùnrin yìí kò lè ka orúkọ ara rẹ̀ lára káàdì ìdìbò. Ó yẹ ká pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ló ń lé, kò wo àwòrán. Obìnrin inú àwòrán náà wà lọ́dọ̀ wa, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kejì, ó ń wá gíláàsì ojú rẹ̀ nínú báàgì.

Ìyá Ìbejì ni. Ata ló ń tà. Kì í pẹ́ dé kíláàsì, kì í sì í lọ sílé láìbá wa gbálẹ̀.

Bàbá káfíńtà, tó dàgbà jù nínú wa, ló kọ́kọ́ lanu sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ má sunkún. Ẹ sọ fún wa. Ṣé ẹ jẹ wọ́n lówó ni, àbí ẹ ò jẹ wọ́n?"

"Mo jẹ wọ́n, bàbá. Mi ò ní purọ́."

Ó wá ṣàlàyé. Owó ìdánwò àwọn ìbejì rẹ̀ ni kò pé. Ó yá ₦20,000 lọ́wọ́ àwọn ayánilówó orí fóònù kan. ₦16,000 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí i, wọ́n ti yọ èlé kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ 14 ni wọ́n fún un láti dá ₦20,000 padà. Òjò rọ̀, ata rà, ọjà kò yá. Nígbà tí ọjọ́ pé, ₦12,000 ló rí san. Ó ku ₦8,000. Ó pè wọ́n, ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn náà ni àwòrán rẹ̀ jáde. Òun fúnra rẹ̀ ló ya àwòrán náà, wọ́n ní kó yà á kí wọ́n tó lè yá a lówó.

Ọmọkùnrin fọganáísà dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ká ní mo mọ̀ ni, mi ò ní kà á síta."

Ìyá Ìbejì wò ó. Ó ní, "Ká ní èmi kọ́ ni ńkọ́, ọmọ mi? Ká ní ìyá ẹlòmíràn ni?"

Kò rí èsì fọ̀. Àwa olùkọ́ náà kò rí èsì fọ̀. Bí a ṣe ń kọ rìsíìtì ni a ti múra láti kọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. A pa á tì. Ọ̀rọ̀ yìí ni a fi ṣe ẹ̀kọ́, òun náà ni a sì kọ síbí fún yín.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn ọ̀rọ̀ náà wò. Ta ni olè? Olè ni ẹni tó mú ohun olóhun láìjẹ́ kí olóhun mọ̀, tàbí tó fi agbára gbà á. Ta ni gbájúẹ̀? Ẹni tó tanni jẹ ni. Ó ṣèlérí ohun tó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun kò ní ṣe. Onígbèsè wá ńkọ́? Olówó ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ka owó fún un. Wọ́n jọ dá ọjọ́ ni. Ọjọ́ pé, owó kò pé. A kò sọ pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jẹ gbèsè gbọ́dọ̀ san án, ẹni tó bá sì lówó lọ́wọ́ tí kò san, ìwà rẹ̀ burú. Ṣùgbọ́n gbèsè ni orúkọ ohun tó jẹ.

Òfin pàápàá mọ ìyàtọ̀ yìí. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà sọ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ mú ènìyàn kìkì nítorí pé kò mú àdéhùn ṣẹ. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹjọ́ ọ̀daràn ti sọ irú rẹ̀ ní ọdún 2015. Kóòtù ni a ń gbé ọ̀rọ̀ gbèsè lọ. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, wọ́n dá kóòtù kan sílẹ̀ ní ọdún 2018 fún àwọn gbèsè kéékèèké. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, gbèsè tí kò ju ₦5,000,000 lọ ni wọ́n ní kó máa gbọ́, kí ẹjọ́ má baà pẹ́ nílẹ̀. Ẹ ò rí i pé ẹni tí wọ́n jẹ lówó ní ọ̀nà tó lè gbà, láìpe ẹnikẹ́ni lólè?

Ọ̀kan nínú wa, tó ń ṣe iṣẹ́ awakọ̀, kò gbà. Ó ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ lásán ni gbogbo èyí. Wọ́n pè é lólè, wọ́n pè é lónígbèsè, kí ló kù síbẹ̀? Kó ṣáà san owó olówó."

A dá a lóhùn. A ní kó jẹ́ ká sọ ohun tí ọ̀rọ̀ lásán ṣe ní Aluu.

Aluu wà nítòsí Port Harcourt, ní ìpínlẹ̀ Rivers. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 2012, wọ́n pe àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin kan lólè níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ní Yunifásítì Port Harcourt. Ariwo ta pé olè ni wọ́n. Èrò tú jáde. Wọ́n lu àwọn ọmọ náà, wọ́n fi táyà sí wọn lọ́rùn, wọ́n dáná sun wọ́n. Ìròyìn tó kárí ilẹ̀ lẹ́yìn náà ni pé gbèsè wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, pé ọ̀kan nínú wọn ló lọ gba owó tí wọ́n jẹ ẹ́. Nínú gbogbo èrò yẹn, kò sí ẹni tó pa ariwo náà lẹ́nu mọ́ kó tó pẹ́ jù. Àwọn kan dúró tì í, wọ́n ń fi fóònù ya fídíò. Fídíò náà ni gbogbo Nàìjíríà wò. Ní oṣù keje ọdún 2017, ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Rivers dá ẹjọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́ta lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀kan nínú wọn ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá rí. Ẹjọ́ náà kò jí òkú.

Awakọ̀ dákẹ́. Ó mọ̀, àwa náà mọ̀, pé bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá pé, àwọn tó gbé igi kì í pọ̀ tó àwọn tó ń kígbe. Nílẹ̀ wa, ẹni tí wọ́n bá ti pe olè ní gbangba, ó ti wà nínú ewu kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó jí. Ẹ tún wo iṣẹ́ orí fóònù náà: "Ẹni tó bá rí i kó pe nọ́ńbà yìí." Àwòrán Ìyá Ìbejì ló wà lókè rẹ̀. Bó bá ṣe pé àárín ọjà ni ẹnì kan ti dá a mọ̀, tó sì pariwo, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀?

Àwọn kan nínú kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí yin ayé àtijọ́. Wọ́n ní àwọn bàbá wa kì í dójú ti ọmọlàkejì wọn báyìí. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ o. Àwọn bàbá wa ń dójú ti onígbèsè, wọ́n tilẹ̀ ń ṣe é dáadáa.

Àlùfáà Samuel Johnson sọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Ó ní àwọn ènìyàn kan wà tí a ń pè ní ológò. Iṣẹ́ wọn ni láti bá olówó gba gbèsè. Ológò á wọ ilé onígbèsè, á jókòó tì í, kò ní lọ. Á máa bú wọn, á máa pa adìẹ tó bá rí nínú agboolé jẹ, á sú gbogbo ará ilé, títí wọn yóò fi wá owó náà jáde.

Bàbá káfíńtà gbà pé òótọ́ ni. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni. Ó ní bàbá bàbá òun wà nínú àwọn Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, tí oníbàárà ní, "Ẹ jókòó ná," wọn kì í jókòó. Wọn á ní, "Òṣòó ni n ó máa ló títí n ó fi gba owó mi." Ibẹ̀ ni orúkọ wọn ti wá. Bàbá dìde pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ó lóṣòó sí àárín kíláàsì, ó fajú ro, ó fi hàn wá bí wọ́n ti ń ṣe. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá Ìbejì pàápàá rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ẹ̀rín, a béèrè lọ́wọ́ bàbá pé kí ni ìyàtọ̀ Òṣómàáló àti iṣẹ́ orí fóònù yìí. Ó ronú díẹ̀. Ohun tó sọ dùn mọ́ wa débi pé a kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní:

"Bàbá mi àgbà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ẹnu ọ̀nà onígbèsè ni. Ó rí ìkòkò tí kò sí lórí iná. Ó gbọ́ ikọ́ ọmọ tó ń ṣàìsàn nínú ilé. Onígbèsè náà rí ojú rẹ̀, ó lè dá a lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ bá le, àgbà àdúgbò á yọjú, á ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní ọjọ́ ọjà méjì sí i, èmi ni mo dúró.' Bó bá sì gba owó rẹ̀ tán, ó dìde ńlẹ̀ nìyẹn. Ìlóṣòó ti parí. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nínú fóònù yìí, ta ló kọ ọ́? Níbo ló jókòó sí? Bí Ìyá Ìbejì bá san ₦8,000 náà lóla, ta ni yóò lọ bá gbogbo àwọn tó ti rí àwòrán yìí pé ó ti san án?"

Àwa fi kún un pé ìwà ológò kì í ṣe ohun tí a fẹ́ kó padà wá. Ẹni tí kò jẹ gbèsè nínú agboolé a máa jìyà pẹ̀lú ẹni tó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n èébú ológò kì í kọjá ògiri agboolé púpọ̀. Èébú orí fóònù kò ní ògiri.

Báwo ni àwọn ayánilówó náà ṣe mọ nọ́ńbà gbogbo wa? Ó yẹ kí ẹ mọ èyí, nítorí ó wúlò. Bí ènìyàn bá fẹ́ gba irú ètò bẹ́ẹ̀ sórí fóònù rẹ̀, ètò náà lè béèrè pé ṣé kí òun wo àwọn nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó tí yóò hàn ni Allow. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé "mo gbà." Ìyá Ìbejì tẹ̀ ẹ́. Kò tíì mọ̀ ọ́n kà nígbà náà. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́ ni nọ́ńbà àwọn ẹbí rẹ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀, àti tiwa bọ́ sọ́wọ́ wọn. Láti òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Google ti fi òfin dè é pé kí ètò ayánilówó tó wà ní ọjà rẹ̀ má wo nọ́ńbà àti àwòrán inú fóònù ẹni mọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ètò kọ́ ló ń gba ọjà Google wọlé. Nítorí náà, kí ẹ tó tẹ Allow, ẹ ka ohun tó wà lókè rẹ̀.

Ìjọba náà ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2021, wọ́n bu ìtanràn ₦10,000,000 lé ilé-iṣẹ́ ayánilówó kan nítorí pé ó ń lo nọ́ńbà àwọn ènìyàn láìtọ́. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, àti àwọn àjọ mìíràn lọ ká àwọn ayánilówó mọ́ ọ́fíìsì wọn ní Èkó. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, àjọ yìí gbé ìlànà jáde pé kí wọ́n wá forúkọ sílẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo ọ̀rọ̀ àṣírí ẹni jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Ẹni tí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí lè kọ̀wé sí FCCPC, kó fi iṣẹ́ náà hàn wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Kó má pa á rẹ́ o! Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fi ìbínú pa ẹ̀rí rẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ara wa. Ayánilówó kò lè dójú ti Ìyá Ìbejì láìsí ìrànlọ́wọ́ wa. Òun kò mọ ọjà tó ń ná, kò mọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Àwa la mọ̀ ọ́n. A bi ọmọkùnrin fọganáísà bóyá ó ti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ó bojú wolẹ̀. Bó ti wọlé ló ti fi ránṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: ẹgbẹ́ akọrin, ẹgbẹ́ àwọn fọganáísà, àti ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò lórí WhatsApp. A ní, "Kí ló dé?" Ó ní, "Wọ́n ní ká fi ránṣẹ́ ni, sà."

Ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé kà a máa rò pé ohunkóhun tí wọ́n bá ti kọ sílẹ̀, òótọ́ ni. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ rí. Ìwé kò ní ojú tí a lè wò láti mọ̀ bóyá ó ń parọ́. Ó yẹ ká bi í léèrè ọ̀rọ̀ bí ẹni ń bi àlejò: Ta ló rán ọ? Ta lò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀? Èwo nínú èyí ni ojú tèmi rí? Ta ni yóò jìyà bí o bá purọ́? Bí àlejò kò bá lè dáhùn, a kì í mú un lọ sí yàrá aládùúgbò.

Ọmọkùnrin náà gbìyànjú láti tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó pa iṣẹ́ náà rẹ́ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ṣùgbọ́n ní ẹgbẹ́ àwọn ará àdúgbò, ẹni méjì ti fi ránṣẹ́ síbòmíràn. Ó kọ̀wé sí wọn: "Ẹ jọ̀ọ́, èyí tí mo fi ránṣẹ́ kì í ṣe òótọ́. Obìnrin náà kì í ṣe olè. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi sọ fún ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí." Ìwé àkọ́kọ́ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ sí àwọn ènìyàn nìyẹn. Ẹnì kan dá a lóhùn pé kí ló kàn án, ṣé àlè rẹ̀ ni? Àwọn yòókù kò sọ nǹkan kan.

Ìyá Ìbejì kò wá sí kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ méjì. A lọ kí i nílé. Ó ní ẹni tó ń fún òun ní ata láwìn ti rí àwòrán náà, kò sì fẹ́ fún òun láwìn mọ́. Ẹ kíyè sí i o: láìsí ata, kò sí ọjà, láìsí ọjà, níbo ni yóò ti rí ₦8,000? Àwọn tó ní àwọn fẹ́ gba owó wọn ló dí ọ̀nà tí owó náà ì bá gbà wá. Bàbá káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ bá a lọ sọ́dọ̀ aláta náà, wọ́n dúró fún un. Apẹ̀rẹ̀ kan ni obìnrin náà gbà láti fún un, dípò mẹ́ta.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó padà wá. A fún gbogbo kíláàsì ní iṣẹ́ kan, ẹ̀yin náà lè ṣe é nílé. A kọ iṣẹ́ orí fóònù yẹn sójú pátákó, láìfi àwòrán sí i. A ní kí olúkúlùkù pa ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òótọ́ níbẹ̀ rẹ́, kó fi èyí tó jẹ́ òótọ́ rọ́pò rẹ̀, kó sì kọ orúkọ àwọn tó yẹ kó rí i sí ìsàlẹ̀. Awakọ̀ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ó kọ ìlà kan ṣoṣo: "Obìnrin kan jẹ wá ní ₦8,000." Níbi tó yẹ kó kọ àwọn tó yẹ kó rí i, ó kọ: "Òun nìkan."

Ìyá Ìbejì pẹ́ jù wá lọ. Ó wọ gíláàsì rẹ̀, ó ń kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé rẹ̀ nìyí: "Mo ya ₦20,000. Mo ti san ₦12,000. Ó ku ₦8,000. N ó san án."

A fi ìka hàn án pé kò fi àmì sórí "yá." Ó mú bírò, ó fi àmì náà sí i.